Àrọ́bá àti Ìwé: Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Baba Ńlá Tí Ìtàn Rẹ̀ Kò Dájú

Bí o bá wọ agbo ilé kan nílẹ̀ Yorùbá, tí o béèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí pé níbo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ìdáhùn kì í wọ́n. Ilé-Ifẹ̀ ni, tàbí Ọ̀yọ́-Ilé. Ọmọ ọba ni baba ńlá wọn. Wọ́n fi oyè dù ú, inú bí i, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ igbó lọ, ó sì tẹ̀dó síbi tí erin ti ń mumi. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé agbo ilé kejì ní àdúgbò kan náà ń sọ irú rẹ̀, ẹ̀kẹta náà ń sọ ọ́, kò sì sí èyí tí baba ńlá rẹ̀ jẹ́ alágbàro. Ta ló wá ń roko nígbà náà?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n baba ìtàn náà máa ń ṣì í sọ. Ó máa ń ṣi ìran kà: ó lè fo baba méjì tàbí mẹ́ta, kí ó so ọmọ mọ́ ẹni tó yẹ kó jẹ́ baba ńlá bàbá rẹ̀. Ó máa ń bo ohun tó ń tini lójú mọ́lẹ̀. Ìwé ní tirẹ̀ máa ń ṣi orúkọ kọ, ó ń purọ́ lórí ọjọ́ orí, kì í sì í sábà mẹ́nu ba ẹni tí kò lówó, tí kò joyè, tí kò sì rojọ́ rí. Ibi tí ọ̀kan ti ń ṣìnà kọ́ ni èkejì ti ń ṣìnà. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ń tọpasẹ̀ ìran ni láti mú àwọn méjèèjì kojú ara wọn, bí adájọ́ ṣe ń ṣe fún ẹlẹ́jọ́ méjì.

Ọ̀dọ̀ ara ẹni ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ orúkọ rẹ, ti bàbá àti ti ìyá rẹ, ti àwọn òbí àwọn náà, kí o máa lọ sẹ́yìn títí dé ibi tí o kò ti mọ orúkọ mọ́. Ibẹ̀ máa ń tètè dé. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ bàbá bàbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká dárúkọ ìyá ìyá bàbá wa, a ó wolẹ̀. Nígbà tí o bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, má béèrè pé, “Níbo la ti wá?” Ìdáhùn ìyẹn ti wà ní sẹpẹ́, wọ́n ti há a sórí láti ìgbà ìpàdé ẹbí tó kọjá. Ohun kéékèèké ni kí o béèrè. Ta ni wọ́n sin sí yàrá yìí? Ìyàwó wo ló kọ́kọ́ wọ ilé yìí, ilé ta ni wọ́n sì ti gbé e wá? Kí ni wọn kì í jẹ níhìn-ín? Kí ni wọ́n ń bọ kí wọ́n tó gba ìgbàgbọ́, tàbí kí wọ́n tó máa kírun? Nígbà tí ẹ bá ń ṣòkú, ìlú wo ni àwọn kan ti máa ń wá tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe bá yín tan? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí wúlò púpọ̀, torí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbi òkú láti ìran dé ìran kì í wá lásán.

Ọkùnrin ló sábà máa ń sọ ìtàn ẹbí fún àlejò, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni kí o wá lọ bí o bá ń wá oríkì. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù nínú àwọn ọdún 1970, ṣàlàyé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1991 bí ó ṣe jẹ́ pé ẹnu àwọn obìnrin ni oríkì wà jù: ìyàwó ilé á kọ́ oríkì ilé ọkọ, á sì gbé ti ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Oríkì orílẹ̀ kì í sọ ìtàn tẹ̀léra-tẹ̀léra. Á tọ́ka sí ìlú tó ti run, á mẹ́nu ba odò kan, èèwọ̀ kan, iṣẹ́ ìran, ìjà tí ọmọ ìyá bára wọn jà, á sì kọjá lọ. Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé rẹ̀, Àwọn Oríkì Orílẹ̀, ní 1967. Bí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ tuntun, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o wá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yẹn.

Ìbàdàn ni èyí ti wúlò jù lọ. Àwọn jagunjagun láti oríṣiríṣi ìlú ló tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829. Ọmọ Ìbàdàn ni gbogbo wọn lónìí, wọ́n sì lè bá ọ jà bí o bá sọ pé wọn kì í ṣe onílé, síbẹ̀ wọ́n ń ki ọ̀kan ní Oníkòyí, wọ́n ń ki èkejì ní Ọlọ́fà, ẹ̀kẹta ní Arẹ̀sà. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé àti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ahoro nínú àwọn ọdún 1830, orílẹ̀ ni ẹrù kan ṣoṣo tí kò wúwo láti gbé sá. Ní Abẹ́òkúta ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sá dé abẹ́ Olúmọ láti 1830 fi orúkọ ìlú tí ogun lé wọn kúrò sọ àdúgbò tuntun wọn: Ìtòkò, Ìgbẹ̀ìn, Ìjeùn, Òwu. Ẹni tó bá mọ àdúgbò bàbá bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti mọ orúkọ ìlú tí ẹbí rẹ̀ ti wá kí Abẹ́òkúta tó wà.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká gbé oríkì gẹ̀gẹ̀ jù ṣá. Orílẹ̀ ṣeé yá. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó àìmọye ènìyàn wọ ilé onílé: ẹrú, ìwọ̀fà, ọmọ òrukàn tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, aláìnílé tó wá sá di balógun. Ọmọ wọn dàgbà nínú agbo ilé náà, ó jẹ́ orúkọ ilé náà, ìyàwó ilé sì ń fi oríkì ilé náà kí i láràárọ̀. Lẹ́yìn ìran méjì, ta ló fẹ́ sọ pé ẹrú ni bàbá ẹnikẹ́ni? Ìwà ọmọlúàbí ni ìdákẹ́jẹ́ yìí, mi ò sì ní bú ẹni tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọpasẹ̀ ìran gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà. Àmì rẹ̀ máa ń hàn: ẹ̀ka ẹbí kan tí kì í jẹ olórí ẹbí láéláé, tí wọ́n kì í pín ilẹ̀ fún bí wọ́n ṣe ń pín in fún àwọn yòókù, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ìdí. Bí o bá bá irú rẹ̀ pàdé, má ṣe béèrè níwájú àwùjọ. Bá àgbà kan sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí o sì gbà bí ó bá ní òun kò ní sọ.

Ilà ojú pẹ̀lú ń sọ nǹkan. Bí fọ́tò àtijọ́ kan bá wà nílé, wo ojú àwọn àgbà inú rẹ̀ dáadáa: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́. Wọ́n lè fi apá ilẹ̀ Yorùbá tí ẹni náà ti wá hàn, nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ lè fi ẹbí rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sílé àlejò lè gba ilà onílé. Ẹlẹ́rìí ni ilà, kì í ṣe adájọ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló kàn, ibẹ̀ sì ni àrọ́bá ti kù díẹ̀ káàtó jù. Ìyá àgbà kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ń rákò nígbà ogun Adùbí, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ òun wọlé lọ́jọ́ tí òkùnkùn bo ọ̀sán. Ohun tí ò ń wá nìyẹn. Ogun Adùbí jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Òṣùpá bo oòrùn ní 20 May 1947. Rékọ́ọ̀dù pọ̀ fún irú nǹkan báyìí: ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Kírìjì ní 1877, rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ìjà Òkèihò àti Ìsẹ́yìn ṣẹlẹ̀ ní 1916, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà sì ni 1968 sí 1969. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Otunba Payne, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà akọ̀wé ilé ẹjọ́ ní Èkó, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1893 tó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá sí ọdún wọn, kí ilé ẹjọ́ lè rí ohun fi ṣírò ọjọ́ orí àti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti rí ọdún kan dì mú, fi nǹkan bí ọdún 25 sí 30 ka ìran kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn. Bí ẹbí bá sọ pé baba ńlá wọn bá Aláàfin Abíọ́dún, tó jọba Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ṣiṣẹ́, tó sì jẹ́ pé orúkọ mẹ́ta péré ló wà láàrin rẹ̀ àti ìyá àgbà tí a bí ní 1917, ẹnìkan ti sọnù nínú ìtàn náà, ó sì lè ju ẹnìkan lọ.

Má sì ṣe rò pé ìwé ọjọ́ ìbí yóò gbà ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n bí ṣáájú àwọn ọdún 1960 kò ní ju ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí wọ́n gbà ní kóòtù nígbà tí wọ́n ń wáṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí: bí ọwọ́ ọmọ bá gba orí kọjá tó kan etí kejì, ó ti tó ilé ìwé. Tíṣà ló wá ń bá wọn wá ọdún sí i. Iṣẹ́ ọba tún dé, ọjọ́ orí tún padà sẹ́yìn kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì má tètè dé. Mo mọ àwọn bàbá tó jẹ́ pé àbúrò wọn jù wọ́n lọ nínú ìwé.

Síbẹ̀, àwọn ìwé kan wà tó ṣeé gbára lé jù. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè pátápátá, torí ọjọ́ náà gan-an tàbí láìpẹ́ sí i ni wọ́n kọ wọ́n. Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) dé Abẹ́òkúta ní 1846, Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, àwọn Yorùbá tó bá wọn ṣiṣẹ́, irú Daniel Olúbí ní Ìbàdàn àti James White ní Ọ̀tà, sì ń kọ ìwé ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí London. Nínú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń sọ ẹni tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀, ilé tó ti wá, ìyàwó tó kọ òrìṣà sílẹ̀ àti ọkọ tó tìtorí rẹ̀ lù ú. Birmingham, ní ilé ìkàwé yunifásítì wọn, ni wọ́n kó àwọn ìwé CMS sí lónìí. Díẹ̀ wà ní Ìbàdàn. J. D. Y. Peel fi wọ́n kọ odindi ìwé kan nípa ẹ̀sìn àti bí Yorùbá ṣe di Yorùbá, tó jáde ní 2000. Bí ẹbí rẹ bá tètè gba ìgbàgbọ́, orúkọ baba ńlá rẹ lè wà níbẹ̀, àní bí wọ́n bá bú u.

Ilé àkójọ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Onwuka Dike ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà nínú àwọn ọdún 1950. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń rìn láàrin pẹpẹ ìwé kiri: wàá ka ìwé atọ́ka, wàá kọ nọ́ńbà fáìlì, wọn á gbé e wá fún ọ, ó lè jẹ́ ohun tó ò ń wá, ó sì lè jẹ́ ìwé lórí òkúta títì. Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ béèrè ni ìròyìn tí àwọn ọ̀gá agbègbè kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọdún 1930. Àwọn òyìnbó wọ̀nyí jókòó ti àwọn baálẹ̀ àti ìjòyè, wọ́n sì kọ ìtàn ìtẹ̀dó, orúkọ ọba àti àwọn ilé olóyè sílẹ̀. Àrọ́bá ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n àrọ́bá tó ti tó 90 ọdún ni, ṣáájú kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè tó sọ ọ́ di ohun mìíràn.

Ó sì ti sọ ọ́ di ohun mìíràn ní ọ̀pọ̀ ibi. Òfin oyè Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957 mú kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ àwọn ilé ọlọ́ba tó lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè sílẹ̀. Ilé tí orúkọ rẹ̀ wọlé ti di ilé ọlọ́ba. Ilé tí orúkọ rẹ̀ kò wọlé á máa rojọ́ títí ayé. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹbí kan ti ń rí àwọn baba ńlá tuntun. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìtàn ẹbí lé ọ lọ́wọ́, wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí o sì béèrè bóyá ẹjọ́ wà nílẹ̀ nígbà náà.

Àwọn adájọ́ ti bá ìṣòro yìí jà ṣáájú wa. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ kan láti Gold Coast, Kojo II àti Bonsie, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London dá ní 1957, àwọn adájọ́ sọ pé bí ìtàn àtẹnudẹ́nu méjì bá takora, ó dájú pé ọ̀kan ṣì í, síbẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ lè gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ojú ẹlẹ́rìí kò lè fi òótọ́ hàn. Ohun tó tọ́ ni kí a wo ìṣẹ̀lẹ̀ àìpẹ́ tó ní ẹ̀rí, kí a wá mọ èyí tó bá a mu jù nínú ìtàn méjèèjì. Àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀lé e títí dòní, èmi kò sì mọ ìlànà tó dára jù ú lọ fún ẹni tó ń wá baba ńlá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ̀ka tiyín ló dàgbà jù, má wo bí bàbá tó ń sọ ọ́ ṣe ń fọwọ́ sọ̀yà. Wo ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ní 1930, ẹni tí ilẹ̀ oko rẹ̀ sún mọ́ ìlú jù, ẹni tí wọ́n sin sí ojúde.

Ti àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, tún yàtọ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Níbẹ̀ akọ̀wé á kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga rẹ̀ àti àpá tàbí ilà ara rẹ̀. Àwọn ìwé yìí ṣì wà, ní Fourah Bay College àti ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, lẹ́bàá London. Àwọn onímọ̀ ti kó orúkọ tó ju 91,000 lọ láti inú ti Freetown àti ti Havana sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni sì lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Orúkọ ibẹ̀ ni ìṣòro. Agbọ̀fọ̀ ló ń sọ ọ́, òyìnbó ló ń kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, kò sì sí àkọtọ́ kankan. 1875 ni àwọn ìjọ tó jókòó nípa àkọtọ́ Yorùbá. Koelle, ará Jámánì tó gba èdè sílẹ̀ ní Freetown tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854, kọ Ìjẹ̀bú ní “Dsebu”, ó sì kọ Ìjẹ̀ṣà ní “Idsesa”. Nítorí náà, ka orúkọ náà sókè, má fi ojú nìkan kà á. Ohun kejì ni pé orúkọ àmútọ̀runwá pọ̀ níbẹ̀ gan-an: Òjó, Àìná, Táíwò, Ìgè. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ pé Yorùbá ni onítọ̀hún, kò sọ ilé tó ti wá. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti ọ̀run mú orúkọ tiwọn wá.

Lẹ́yìn èyí, ìrìbọmi á tún pa orúkọ náà rẹ́. Àwọn onínúure ní England ń san owó lọ́dọọdún fún CMS kí wọ́n lè fi orúkọ wọn sọ ọmọ kan ní Sierra Leone. Àjàyí, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà lójú òkun ní April 1822, di Samuel Crowther ní December 1825, nítorí àlùfáà kan ní London tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Johnson, Williams, Cole, Macaulay, Davies: ìdílé mẹ́wàá lè jẹ́ Johnson ní Èkó láìsí ẹ̀jẹ̀ kan tó pa wọ́n pọ̀, ọmọ ìyá kan náà sì lè jẹ́ orúkọ méjì. Ní ti Crowther, oríire ló jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn bí wọ́n ṣe kó o sínú lẹ́tà kan ní 1837, tó dárúkọ ìlú rẹ̀, tó sì tún bá ìyá rẹ̀, Àfàlá, pàdé ní Abẹ́òkúta ní August 1846. Ogunlọ́gọ̀ kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn kan bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, èyí náà sì ń da olùwádìí láàmú. David Brown Vincent di Mọ́jọlà Agbébí ní 1894. Plácido Assumpção, ọmọ Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wálé), di Adéyẹmọ Alákijà ní 1913. Bí orúkọ ẹbí rẹ bá kàn pòórá nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú 1890, má rò pé wọn kò sí nílùú. Wá wọn lórúkọ mìíràn, kí o fi orúkọ àwọn ọmọ, àdúgbò àti iṣẹ́ wọn mọ̀ wọ́n. Itẹ́ òkú ì bá ràn wá lọ́wọ́ ní Èkó, ṣùgbọ́n wọ́n ti wó itẹ́ òkú Ajélẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn Sàró àti Àgùdà sùn sí, nínú àwọn ọdún 1970. Wọ́n gbé egungun Crowther lọ sí Kàtídírà. Òkúta àwọn tí kò tó Crowther kò rí ibi lọ.

Ìtọpasẹ̀ Àgùdà máa ń gba Bahia, ní Brazil, kọjá. Orúkọ bíi da Silva tàbí da Rocha sábà máa ń jẹ́ ti olówó ẹrú tàbí ti ẹni tó dúró fún un níbi ìrìbọmi: João Esan da Rocha, tí ìdílé rẹ̀ kọ́ Ilé Omi ní Èkó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ìwé mọ́ ní Brazil, nítorí Rui Barbosa, mínísítà ètò ìṣúná, pàṣẹ ní 14 December 1890 pé kí wọ́n dáná sun ìwé ẹrú kí àwọn tó ni ẹrú má bàa rí ohun fi béèrè owó gbà-máà-bínú. Òótọ́ ni àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ìwé owó orí ìjọba ló kàn jù. Ìwé ìrìbọmi Kátólíìkì kò jóná, ìwé òmìnira wà lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé kóòtù, rékọ́ọ̀dù pásípọ́ọ̀tù àwọn tó ń padà wálé sì wà ní ilé àkójọ ìwé Bahia. Ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ Malê, ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia ní January 1835, tún kó orúkọ jọ púpọ̀: Pacífico ni orúkọ ẹrú àgbà Mùsùlùmí kan, Licutan ni àwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá ibẹ̀, ń pè é, òun fúnra rẹ̀ sì sọ fún adájọ́ pé Bilal ni orúkọ òun. Ènìyàn kan, orúkọ mẹ́ta, ìwé kan náà.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà, odi gíga kan wà ní 1870. Ọdún yẹn ni ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lóko ẹrú sílẹ̀ lórúkọ. Ní 1850 àti 1860, ọjọ́ orí, àwọ̀ ara, ọkùnrin tàbí obìnrin nìkan ni wọ́n kọ, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Díẹ̀ ló ń fo odi yẹn. Ọkọ̀ ẹrú Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn dé Mobile, Alabama, ní 1860, nígbà tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808, pípẹ́ tí wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó dé ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tó wa lọ́wọ́. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé. Òpìtàn Sylviane Diouf sì tọpasẹ̀ rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní Benin òde òní, láàrin àwọn Ìṣà, ọmọ Yorùbá. Matilda McCrear, tó kú ní 1940, kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilà wà lójú rẹ̀, ó sì bá oníròyìn kan ní Selma sọ̀rọ̀ nínú àwọn ọdún 1930. Ìwé ìròyìn yẹn ni òpìtàn Hannah Durkin rí, tó fi sọ ní 2020 pé Matilda ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a mọ̀ tí ọkọ̀ náà kó.

Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fo odi yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó lè sọ “Nàìjíríà” tàbí “Benin àti Togo” fún ọ, kò ní sọ Ìkòyí tàbí Ọ̀fà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè fi ìbátan tí o kò mọ̀ hàn ọ́, tí ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ á wá jókòó béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ àwọn àgbà yín.

Ìkìlọ̀ kan kù, àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ ló kàn jù. Alex Haley, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìwé Roots, tó jáde ní 1976, sọ fún gbogbo ayé pé òun ti rí baba ńlá òun ní Juffure, ní Gambia, lẹ́nu bàbá kan tó ń jẹ́ Kebba Fofana. Ní 1981, Donald Wright, tó mọ ìtàn Gambia dunjú, kọ ọ́ pé Fofana kì í ṣe akéwì ìtàn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, àti pé wọ́n ti mọ ohun tí Haley ń wá kí ó tó débẹ̀. Ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó ń sunkún, tó ń béèrè bóyá ibí ni ilé òun: àgbà wo ló fẹ́ lé e padà? Nítorí náà, má sọ ohun tí o ń wá fún ẹni tí o ń bi léèrè. Jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ẹbí, tàbí tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé sínú ìwé ètò ìsìnkú, ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọdún tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí ìwé tí ẹ ti rí i. Níbi tí baba kan bá sì ti sọnù, ẹ má fi ọmọ ọba dí àlàfo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò tíì mọ ẹni náà, kí ọmọ tó bá máa wá a lọ́la lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.